Òkúta Oníwo Àgbò: Ẹ̀rí Òkun Àtijọ́ àti Àwọn Tó Ṣà Á Jọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá òkè àti òkun, tó fún ọmọ ènìyàn ní ojú láti wò wọ́n, tó sì fún un ní làákàyè láti béèrè bí wọ́n ṣe jẹ́. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.



Àkòrí tí mo mú wá yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè sọ pé, kí ló pa ìmáàmù pọ̀ mọ́ òkúta? Ohun tó pa wá pọ̀ ni ìbéèrè kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti bi mí lẹ́yìn wáásí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń rí ìkarahun ẹran inú òkun nínú àpáta, níbi tí òkun kò sí rárá? Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé omi ìgbà Ànábì Nuhu ló gbé e débẹ̀? Mo ti gbọ́ oníwàásí tó fi gbogbo ẹnu dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì ti gbọ́ òmíràn tó ní irọ́ òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, pé kò sí ìkarahun kankan níbì kankan. Tèmi ni pé ìdáhùn méjèèjì ò tọ́. Àwọn onímọ̀ tiwa ti gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò ní bíi ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwa ni a kò ṣí ìwé wọn. Nítorí náà, mo fẹ́ mú irú òkúta kan ṣoṣo, kí n sọ ìtàn rẹ̀ àti ìtàn àwọn tó ṣà á jọ, kí á lè rí bí ènìyàn ṣe ń ti orí àlọ́ dé orí ìmọ̀.

KÍ NI ÒKÚTA NÁÀ?

Ẹ fojú inú wo ìwo àgbò Iléyá, bó ṣe ń ká bọ̀ láti ìdí. Ẹ wá rò ó pé ó ká yípo yípo bí okùn tí wọ́n ká sílẹ̀, pé ó pẹlẹbẹ, pé ìlà wẹ́wẹ́ kọjá lára rẹ̀, àti pé òkúta ni látòkè délẹ̀. Ohun tí òyìnbó ń pè ní ámónáìtì nìyẹn. Òmíràn kéré bíi bọ́tìnì aṣọ. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ènìyàn púpọ̀ ò lè gbé e: ní 1895, ní Seppenrade ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n hú ọ̀kan tí fífẹ̀ rẹ̀ ju mítà 1.7 lọ. Bí wọ́n bá gbé e nàró, ó ga ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Nígbà tí ẹran náà wà láàyè, inú òkun ló ń gbé. Ó jọ ìgbín lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbín. Ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ló bá tan. Ara rẹ̀ rọ̀, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ sì wà ní ẹnu rẹ̀. Inú ìkarahun rẹ̀ pín sí yàrá yàrá. Yàrá ìta pátápátá ni ẹran náà fúnra rẹ̀ ń gbé. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù, òun ló ń mú kí ó léfòó. Bí ó bá kú, ìkarahun rẹ̀ á rì sí ìsàlẹ̀ òkun, ẹrẹ̀ á bò ó, ẹrẹ̀ mìíràn á tún gorí ìyẹn, títí ìwúwo rẹ̀ á fi pọ̀, tí ẹrẹ̀ á di òkúta tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí tó bá ti di òkúta báyìí ni wọ́n ń pè ní fọ́sìlì.

Ìran ámónáìtì ti run. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n tán láyé, ní àsìkò kan náà tí àwọn dáínósọ̀ ńláńlá tán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

ORÚKỌ RẸ̀ ÀTI ÀWỌN ÀLỌ́ TÍ WỌ́N PA MỌ́ ỌN

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tó sọ òkúta yìí lórúkọ kò mọ ilé tó ti wá. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ní òrìṣà kan tí wọ́n ń pè ní Amun, ìwo àgbò sì ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Nítorí pé òkúta náà jọ ìwo yẹn, Pliny ará Róòmù, tó kú ní 79, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ìwo Amun. Ibẹ̀ ni orúkọ ámónáìtì ti yọ. Kí orúkọ òrìṣà yìí má lé ẹnikẹ́ni sá. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọjọ́ Alàmísì, ara Thor ló ti wá, òrìṣà àrá àwọn ará àríwá Yúróòpù. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wa ń kọ ọ́ sínú ìwé iléèwé, wọn ò sì torí ẹ̀ di abọ̀rìṣà.

Ní Whitby, ní etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlọ́ tiwọn ni pé Hilda, obìnrin ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì tó dá ilé ìsìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 657, ló sọ gbogbo ejò àdúgbò di òkúta. Àmọ́ òkúta náà kò lórí. Kí ni àwọn oníṣòwò wá ṣe? Wọ́n gbẹ́ orí ejò sí i, wọ́n sì ń tà á fún àlejò. Ní odò Gandaki ní ilẹ̀ Nepal, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń ṣa irú rẹ̀ tó dúdú, wọ́n ń pè é ní shaligram, wọ́n sì gbà á bí àmì òrìṣà wọn Vishnu.

Ẹ má jẹ́ kí á fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Ṣebí àwa náà ní ẹdùn àrá? Òkúta dídán tó mú lẹ́nu, tí àwọn baba wa ń rí nínú oko lẹ́yìn òjò, wọ́n ní Ṣàngó ló sọ ọ́ sílẹ̀ láti ojú ọ̀run. Lónìí a mọ̀ pé àáké ni, tí àwọn ènìyàn àtijọ́ fi ọwọ́ ara wọn lọ̀ kí irin tó dé. Òjò ló fọ ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ẹni tó bá rí i á ní àrá ló mú un wá. Òkúta kì í purọ́. Àwa tí a ò bi í léèrè dáadáa ni à ń purọ́ mọ́ ọn.

ÀWỌN ONÍMỌ̀ TIWA TÓ WO ILẸ̀

Kì í ṣe Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ kíyèsí ìkarahun lórí òkè. Xenophanes ará Gíríìkì ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 500 ọdún kí wọ́n tó bí Ànábì Isa. Ṣùgbọ́n méjì wà nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa tí ọ̀rọ̀ wọn lórí èyí jinlẹ̀ gan-an.

Èkíní ni Abu Rayhan Al-Biruni. Wọ́n bí i ní 973 ní Khwarazm, ní apá ibi tí à ń pè ní Uzbekistan lónìí. Onímọ̀ ìṣírò ni, onímọ̀ ìràwọ̀ sì ni. Ní 1025, nígbà tó ń gbé ní Ghazna ní ilẹ̀ Afghanistan, ó parí ìwé kan tó ń jẹ́ Tahdid Nihayat al-Amakin. Ohun tó torí ẹ̀ kọ ọ́ ni láti mọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ayé àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra, kí àwọn ará Ghazna lè dojú kọ Kíbílà bó ṣe tọ́. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo kọ́kọ́ ka apá kan nínú rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Kíbílà ni mo wá lọ síbẹ̀, òkun ni mo bá pàdé.

Al-Biruni sọ níbẹ̀ pé aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá ti jẹ́ òkun rí, kí ó tó kún di ilẹ̀. Ẹ̀rí wo ló mú wá? Ó ní bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga níbẹ̀, ìpele erùpẹ̀, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kàn, àti pé wọ́n ń hú òkúta jáde tó jẹ́ pé bí wọ́n bá là á, ìkarahun àti owó ẹyọ ni wọ́n ń bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní etí ẹja. Ó tún kíyèsí i pé nígbà mìíràn ìkarahun fúnra rẹ̀ á ti jẹrà tán, àyè rẹ̀ nìkan ni yóò kù nínú òkúta, bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ẹrẹ̀ tó sì ti kọjá lọ. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ Íńdíà, tó kọ ní 1030, ó tún sọ pé òkúta odò níbẹ̀ tóbi lẹ́bàá òkè, ó ń kéré sí i bí omi ṣe ń lọ, ó sì di yanrìn níbi tí odò ti sún mọ́ òkun. Ó wá sọ pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ Íńdíà ti jẹ́ òkun tí erùpẹ̀ odò dí.

Èkejì ni Ibn Sina, tí wọ́n bí lẹ́bàá Bukhara ní 980, tó sì kú ní Hamadan ní 1037. Ìwé ìṣègùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀wé lórí òkúta àti òkè pẹ̀lú, nínú Kitab al-Shifa. Ó ní ọ̀nà méjì ni òkè fi ń wáyé: ìmìtìtì lè ti ilẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí omi àti afẹ́fẹ́ máa gbẹ́ ibi tó rọ̀ lọ, kí ibi tó le sì dá dúró. Ó sọ nípa amọ̀ kan ní etí odò Jayhun, tí àwọn ènìyàn fi ń fọ orí nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó fi máa tó bíi ọdún 23, ó rí i pé amọ̀ náà ti ń di òkúta. Ó wá sọ pé ìdí tí à ń fi rí ara ẹran omi, bí ìkarahun, nínú òkúta ni pé ilẹ̀ tí à ń gbé yìí ti wà lábẹ́ òkun rí, àti pé àsìkò tó gbà gùn ju ohun tí ìtàn ọmọ ènìyàn lè pa mọ́ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọgbọ́n ọ̀hún. Ọ̀kan ní kànga lójú, èkejì ní amọ̀ tí wọ́n fi ń fọ orí. Ohun tí gbogbo ayé ń rí tí wọn ò kà sí ni àwọn méjèèjì fi mú òye jáde.

ISNAD TÓ JÁ

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ìmọ̀ hádíìsì. Ní nǹkan bíi 1200, Alfred ará Sareshel, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, túmọ̀ apá yẹn nínú ìwé Ibn Sina sí èdè Látìnì. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ìwé Aristotle, orúkọ Ibn Sina sì bọ́ sọnù. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn tó ń kà á ní Yúróòpù fi rò pé Aristotle ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tó sọ ọ́ kò bá a dé.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú mọ ohun tí mò ń wí. Isnad ni ẹ̀wọ̀n àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn títí dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Bí ẹ̀wọ̀n yẹn bá já, ọ̀rọ̀ lè dùn, ó lè jọ òótọ́, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ò ní gbé e lé orí ìgbà. Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ isnad yìí mú, nítorí pé òun gan-an ni àwọn aṣòkútajọ wá fi sọ òkúta di ìmọ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí á fi pamọ́ ni pé Al-Biruni àti Ibn Sina wò, wọ́n ronú, ṣùgbọ́n wọn ò ṣa òkúta náà jọ kí wọ́n tò ó, kí wọ́n fi ọ̀kan wé èkejì. Àwọn tó ṣe ìyẹn, lẹ́yìn wọn ni wọ́n dé.

ÀWỌN TÓ ṢÀ Á JỌ

Ní 1665, Robert Hooke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé àwọn òkúta tí wọ́n ń pè ní ejò wọ̀nyí, ìkarahun ẹran omi ni wọ́n. Nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1705 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó fi wọ́n wé owó àtijọ́: bí owó ṣe ń jẹ́ kí á mọ ìgbà ọba tó rọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìkarahun lè jẹ́ kí á mọ ìgbà tí ilẹ̀ wà.

Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ni William Smith, tí wọ́n bí ní 1769. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló ń ṣe, ní Somerset níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ipadò fún ọkọ̀ omi tó ń ru èédú. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀, ó rí i pé ìpele ìpele ni òkúta tò lé ara wọn, àti pé irú ìkarahun tó wà nínú ìpele kan kì í ṣe irú èyí tó wà nínú ìkejì. Ó ṣà wọ́n, ó sì tò wọ́n ní ìpele ìpele bó ṣe rí wọn. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá mú ámónáìtì kan wá fún un, ó lè sọ ìpele tó ti wá. Ní 1815 ó tẹ àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, tó fi ìpele wọ̀nyí hàn ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Gbèsè ló fi gbà níbẹ̀: ó ta òkúta rẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba, síbẹ̀ wọ́n tì í mọ́lé nítorí gbèsè ní 1819.

Ẹnìkejì ni Mary Anning, ọmọ káfíńtà ní Lyme Regis, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1799 ni wọ́n bí i. Baba rẹ̀ kú ní 1810, ó sì fi gbèsè sílẹ̀ fún ìyá àti ọmọ. Ohun tí ìdílé náà fi ń jẹun ni ámónáìtì tí wọ́n ń ṣà lábẹ́ òkè etí òkun, tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò. Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ náà, nígbà tí òjò àti ìgbì bá ti ya òkè lulẹ̀, iṣẹ́ ewu sì ni. Ní 1833 òkè ya lu ajá rẹ̀ pa, díẹ̀ ló kù kó kan òun náà. Kò lọ iléèwé gíga kankan, síbẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá bá a láti kọ́ nípa egungun àti ìkarahun. Ní 1823 ó hú egungun ẹran òkun ọlọ́rùn gígùn kan jáde lódindi, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí irú rẹ̀ ní pípé rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọkùnrin tó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ bá ń kọ̀wé, lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò gba obìnrin wọlé títí di 1919, òun sì ti kú láti 1847. Ọdún 2022 ni wọ́n tó gbé ère rẹ̀ dúró ní ìlú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe Ibn Sina, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe obìnrin yìí: wọ́n gba ìmọ̀, wọ́n yọ orúkọ.

Àwọn tó tẹ̀lé wọn ló wá rí i pé ámónáìtì dára ju ọ̀pọ̀ ìkarahun mìíràn lọ fún kíka ọjọ́ orí òkúta. Ìdí ni pé ìrísí wọn tètè ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n sì tàn ká òkun púpọ̀. Láàárín 1856 sí 1858, Albert Oppel ní ilẹ̀ Jámánì fi wọ́n pín òkúta sí àsìkò àsìkò.

ÒKUN NÍ ILẸ̀ TIWA

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ìmáàmù, ti òyìnbó nìyẹn, tiwa ńkọ́?" Kò jìnnà. Ní 1911, Falconer, tó wo ilẹ̀ àríwá Nàìjíríà kiri, tẹ ìwé jáde lórí ilẹ̀ náà, Henry Woods sì kọ ìpín kan sí i lórí àwọn ìkarahun inú òkúta tí wọ́n rí. Ní 1955, Richard Reyment kọ ìwé lórí àwọn ámónáìtì gúúsù Nàìjíríà. Ní 1957, Barber kọ tirẹ̀ lórí èyí tó wà ní ìlà-oòrùn àríwá. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń rí wọn kò ṣàjèjì: Pindiga àti Ashaka ní apá Gombe, àti Nkalagu ní ilẹ̀ Íbò. Ashaka àti Nkalagu, ibi tí wọ́n ti wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ǹtì ni.

Kí ni òkúta wọ̀nyí wí? Irú àwọn ámónáìtì kan tó wà ní Gombe, wọ́n wà ní ilẹ̀ Niger, wọ́n sì wà ní Algeria. Ẹran òkun kò lè fi ẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀. Nítorí náà, òkun ló wà níbẹ̀. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 90 sí 100 ọdún sẹ́yìn, omi òkun wọlé láti àríwá, ó gba inú ibi tó di Sàhárà lónìí, ó dé ilẹ̀ wa. Ojú ọ̀nà tí ràkúnmí wá fi ru iyọ̀ àti ìwé kéwú dé Kano, òkun ti kọ́kọ́ gba ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ má wulẹ̀ wá ìkarahun lórí Olúmọ tàbí òkè Ìdànrè. Inú ooru abẹ́ ilẹ̀ ni àpáta wọ̀nyẹn ti yọ́ tó sì dì, ohun ẹlẹ́mìí kankan kò lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960. Ìkarahun kún inú òkúta ẹfun ibẹ̀. Òkun ti wà níbẹ̀ náà, ní bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Òkúta ẹfun Kalambaina ní Sokoto, ìgbà yẹn náà ló ti wá. Àmọ́ ẹ ò ní rí ámónáìtì kankan ní Ewékorò. Kí ló fà á? Mo ti ní kí ẹ fi í sọ́kàn: wọ́n ti tán láyé kí òkúta yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Àìsí wọn níbẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn náà.

ṢÉ OMI ÀNÁBÌ NUHU NI?

Ó wá kù kí á dáhùn ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́. Ìgbàgbọ́ wa nínú ìtàn Ànábì Nuhu dúró lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, kò dúró lórí ìkarahun. Ẹni tó bá ní ìkarahun inú òkúta ni ẹ̀rí omi náà, ó ti gbé ẹlẹ́rìí tí kò sí níbẹ̀ wá sí kóòtù. Ẹ jẹ́ kí á wò ó lọ́nà mẹ́ta.

Èkíní, bí àgbàrá bá gbé ìdọ̀tí ọjà, ṣé ó máa ń to ata sọ́tọ̀, kó to ìgò sọ́tọ̀? Ṣe ló máa ń dà á pọ̀. Ṣùgbọ́n ìpele ìpele ni ámónáìtì wà, irú tòkè kì í bá tìsàlẹ̀ jẹ.

Èkejì, nínú ọ̀pọ̀ òkúta, ìkarahun ẹlẹ́gẹ́ ṣì wà lódindi. Òmíràn wà tí àwọn kékeré ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tí wọ́n sì dàgbà níbẹ̀. Omi tó ń ru gùdù kì í fún ọmọ ní àyè láti dàgbà.

Ẹ̀kẹta, ìran ámónáìtì ti parí tipẹ́tipẹ́ kí ọmọ ènìyàn kankan tó rin orí ilẹ̀.

Al-Biruni àti Ibn Sina, Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì mọ ìtàn Ànábì Nuhu ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Síbẹ̀, wọ́n ṣàlàyé ìkarahun pé òkun àti ilẹ̀ ń pààrọ̀ àyè fúnra wọn ní ọjọ́ gbọọrọ. Kò dín ìgbàgbọ́ wọn kù. Ohun tó ń ba ìgbàgbọ́ ọ̀dọ́ jẹ́ ni kí àlùfáà fi ẹ̀sìn jẹ́rìí sí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ọmọ lọ sí yunifásítì, kó rí òótọ́, kó wá rò pé bí àlùfáà ṣe ṣì í níbí ni yóò ṣì í nínú gbogbo ìyókù. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òkúta.

BÍ A ṢE Ń ṢÀ Á

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní in fún, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n lè gbé lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní apá Gombe. Bí ẹ bá rí òkúta oníwo àgbò yìí, ẹ má kàn sọ ọ́ sínú àpò. Àwọn àgbà wa ní ẹrú náà ní baba, ọ̀nà ló jìn. Òkúta náà ní baba: ìpele tó ti jáde ni. Bí ẹ bá mú un kúrò níbẹ̀ láì kọ nǹkan sílẹ̀, ó di hádíìsì tí kò ní isnad. Ó lè dán, ó lè tóbi, ẹnikẹ́ni ò ní lè fi í mọ nǹkan gúnmọ́.

Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti rí i, ìpele tó wà, bó ṣe jìnnà sókè tàbí sísàlẹ̀ sí ohun tí ojú lè dá mọ̀, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó rí i. Bó bá jẹ́ pé ọmọ Fúlàní tó ń da màlúù ló fi hàn yín, orúkọ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ara òkúta náà, kí nọ́ńbà kan náà wà nínú ìwé yín. Ẹ fi bébà wé e, kí ẹ gbé e lọ fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì. Ẹ sì ṣọ́ra fún oníṣòwò. Àwọn tó gbẹ́ orí ejò sí òkúta ní Whitby kò tíì tán láyé, ayédèrú pọ̀ lọ́jà.

Àwọn kan lè ní ìwọra ni kíkó òkúta kúrò ní àyè rẹ̀. Bó bá jẹ́ torí à ti pa á mọ́ sílé fi yangàn ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní Lyme Regis, ohun tí ènìyàn ò bá ṣà, ìgbì òkun ni yóò lọ̀ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun lọ́dọ̀ tiwa, inú ẹ̀rọ ló ń lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, a nílò ilé. Àfàìmọ̀ kí ìkarahun Ewékorò má wà nínú ògiri mọ́sálásí tí a ti ń kírun. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ojú kan ti wo díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó di lẹ́búlẹ́bú, kí ọwọ́ kan sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ìmọ̀ tó ṣe àǹfààní, kí Ó ṣọ́ ahọ́n wa kúrò nínú ẹ̀rí èké, kí Ó sì jẹ́ kí á máa dárúkọ ẹni tó kọ́ wa. Kí Ó forí jin àwọn onímọ̀ tó ti ṣáájú, kí Ó sì mú nínú àwọn ọmọ wa tí yóò gbé e dé iwájú ju ibi tí a gbé e dé lọ. Àmín.